A Parí Ìjà, A Gbàgbé Ọmọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Yorùbá Àbújá lórí Àwọn Ọmọ Tó Ń Gbé Nínú Ilé Oníjà

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ẹ̀yìn ìpàdé ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń jáde. Bí a bá ti ka àkọsílẹ̀ tán, tí a ti gba owó oṣù, tí ìrẹsì ti wọ àwo, ẹnìkan á rọra fà mí lápá: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn ìyá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n sábà máa ń gbé tọ̀ mí wá. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá láti ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni mo bá jókòó kọ wọ́n sílẹ̀. N kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe dókítà. Ohun tí a ti ṣe tó yọrí sí rere, èyí tí a ti ṣe tó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti ohun tí òfin sọ, òun ni mo kó jọ síbí.

Ọmọ wà nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó tilẹ̀ ti sùn. Kí ló kàn án nínú ìjà bàbá àti ìyá rẹ̀?

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ojú mi tó là.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́fà lọ làjà ní ilé kan. Ọkọ ti lu ìyàwó rẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ kan fi wú pa dé. A jókòó láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn bàbá bá ọkọ wí, àwa ìyá bẹ ìyàwó, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, a gbàdúrà, wọ́n gbé mínírà fún wa. Inú wa dùn pé a ti tún ilé ṣe. Bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo rí ọmọbìnrin wọn lẹ́yìn kọ́tìnì, ọmọ bí ọdún méje. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù iléèwé, ó so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa, ó gbé báàgì kọ́rùn. Alẹ́ Sátidé ni o. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, òun á ti múra, òun á sá lọ sí iléèwé.

Wákàtí mẹ́rin la fi jókòó nínú ilé yẹn. Kò sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́fà tó béèrè pé ọmọ dà.

Etí ọmọ kì í sùn. Bí kò rí ìgbájú, ó gbọ́ ọ. Bí kò gbọ́ ọ, ó rí ojú ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó rí gíláàsì tó fọ́, ó rí bí gbogbo ilé ṣe ń fi ìbẹ̀rù rìn jẹ́jẹ́. Ara ọmọ tó ń retí ìjà lójoojúmọ́ kì í sinmi: ọkàn rẹ̀ ń sáré, oorun rẹ̀ ń já, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1998, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó kan àgbàlagbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwájú títí ó fi lé ní 17,000. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tójú wọn rí ní kékeré. Rírí kí wọ́n máa lu ìyá ẹni wà lára ohun tí wọ́n béèrè, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú kí wọ́n lu ọmọ fúnra rẹ̀. Bí irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i lára ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìmukúmu ń pọ̀ sí i nígbà tó bá dàgbà. Nítorí náà, ọmọ tó wà nínú yàrá náà wà nínú ìjà.

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò kúkú mọ nǹkan.

Ó mọ ohùn. Ọmọ oṣù mẹ́ta tí ìlẹ̀kùn bá gbá, tí ó ta gìrì, tí ó kọ ọmú, tí ẹkún rẹ̀ kò ṣe é rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ yẹn. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà náà kì í ráyè bá ọmọ ṣeré bó ṣe yẹ, eré yẹn gan-an sì ni ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà ní ọdún méjì àkọ́kọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìjà ilé ti ń dun ọmọ?

Ọmọ kì í sábà fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀. Inú á máa run ún ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sibítù, wọn ò ní rí nǹkan kan. Á máa sùn ní kíláàsì, torí alẹ́ ló fi ń ṣọ́ ilé. Bí o bá gbé ọwọ́ sókè láti nu pátákó, á fi apá bo orí. Àwọn kan á di oníjà, wọ́n á máa fi èébú bàbá wọn bú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á máa pẹ́ níta, tàbí kí fóònù di ilé wọn.

Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ọmọ dáadáa. Àkọ́bí obìnrin, ọdún mọ́kànlá, tó ń se oúnjẹ, tó ń wẹ àbúrò, tó ń fọ aṣọ bàbá kí ó má baà rí nǹkan bínú sí, tí kì í ṣe aṣemáṣe rárá. Gbogbo wa á máa yìn ín pé, "Ẹ wo bó ṣe gbọ́n!" Ìbẹ̀rù ló gbọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi ṣe olórí kíláàsì. Mo máa ń rántí wọn báyìí, ojú sì máa ń tì mí.

Àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ lè tọ̀ sílé nítorí ibà. Ìgbà tí àmì bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìwà ọmọ sì yí padà lójijì, ni kí ẹ sún mọ́ ọn.

Àwọn àgbà ní a kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Bí wọ́n bá parí ìjà, èmi tí mo dá sí i ni wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òótọ́ ni, wọ́n ti fi mí ṣe é rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ fi ìgbéyàwó sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín bí ẹ bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ti ẹni méjì nìkan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ẹni tó jẹ̀bi, kí ẹ sì rí i pé ọmọ ní ibi tó ń sá sí, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, oúnjẹ tó ń jẹ.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bíi mẹ́fà ló ti rí irú ìwà ipá kan kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹ ka ọmọ tó wà ní ojúlé yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, olórin ìhìnrere tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ orin rẹ̀, kú níbí ní Àbújá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga Àbújá dá ẹjọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀ lórí ikú náà. Àwọn ọmọ wà lára àwọn tó jẹ́rìí. Nígbàkigbà tí mo bá rántí ẹjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ni mo máa ń rántí kí n tó rántí adájọ́. Ohun tí ọmọ ti rí nínú ilé, ó yẹ kó ti rí àgbàlagbà kan sọ ọ́ fún kí ó tó dé iwájú kóòtù.

Mo ń gbọ́ ariwo lọ́wọ́ báyìí ní ojúlé kejì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì bá ẹni tó ti mu ọtí yó fa ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn obìnrin àgbàlá kan ní Nyanya máa ń ṣe, tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, rèé: ẹni méjì tàbí mẹ́ta á lọ kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn wá yá iyọ̀. Tàbí wọ́n á ní omi ti ń ṣàn ní ẹ̀rọ. Tàbí wọ́n á béèrè bóyá iná wà ní ojúlé tiwọn. Wọn ò ní dárúkọ ìjà rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ tó gbé sókè máa ń wálẹ̀ bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá bá tiwa wo tẹlifíṣọ̀n díẹ̀." Wọ́n ti kó ọmọ jáde nìyẹn, láìpariwo.

Bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pe ìrànwọ́, tàbí tí ohùn dákẹ́ lójijì, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè. NAPTIP ni àjọ tó ń rí sí òfin ìwà ipá ní Àbújá, nọ́ńbà tiwọn ni 627. Ẹ pe máì-àńgúwà, olórí àdúgbò náà, pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lóde ìlú, òun máa ń dé ṣáájú ọlọ́pàá.

Kí ni kí n sọ fún ọmọ tó bá sá wá bá mi?

Díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mu omi, kí ó jókòó, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: "Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. O ṣe dáadáa bí o ṣe sọ fún mi." Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọmọ gbàgbọ́ pé ìṣirò tí òun gbà ní òdo, tàbí kọ́ọ̀bù tí òun fọ́, ló dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ má bú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rù rẹ̀, àwọn méjèèjì ń gbé inú ọmọ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá bú u, ọmọ á dákẹ́ láti dáàbò bò ó.

Ọ̀kan tí àwa Yorùbá Òkè Ọya máa ń gbàgbé: ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè tó fi ń ṣeré. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí, Yorùbá tí wọ́n mọ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ronú, Haúsá ni wọ́n fi ń jà lóde. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó dákẹ́ fún ìyá àgbà tó ń fi Yorùbá bi í fún ìdajì wákàtí. Màmá Haúsá tó ń ta kósé ní ìta bi í ní gbólóhùn kan, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ṣé kí n máa bi ọmọ lójoojúmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ àná?

Rárá o. Ẹ má sọ ọmọ di amí. Bí bàbá bá mọ̀, ọmọ ló máa jẹ ẹ́. Ẹ béèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sùn. Ìyẹn tó.

Ọmọ ní òun á sọ ọ́ fún mi bí mo bá búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má búra. Ẹ sọ pé, "N kò ní gbé e káàkiri. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń ṣe ẹ́ léṣe, màá wá ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, màá sì sọ fún ẹ kí n tó lọ." Bí ọmọ bá dákẹ́ nígbà náà, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Á padà wá. Bí ẹ bá búra, tí ẹ sì da ìbúra, kò ní padà wá mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ yín nìkan.

Kí ni kí ọmọ ṣe nígbà tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀?

Kí ó má dá sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó ti ń tó ọdún méjìlá ló máa ń fẹ́ bọ́ sí àárín láti gba ìyá wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fara gbọgbẹ́. Ẹ sọ fún un pé gbígba ìyá rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀; iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó àbúrò rẹ̀ jáde. Kí ó mọ ilẹ̀kùn tó ṣí, kí ó má sá sí ilé ìdáná níbi tí ọ̀bẹ wà, kí ó mọ nọ́ńbà fóònù ẹnìkan sórí, kí ó sì mọ ojúlé tí òun lè kàn láago kan òru láìbẹ̀rù. Ojúlé yẹn ni kí ẹ jẹ́. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àmì: bí ìyá bá ti ní, "Lọ bá mi wo maggi ní ilé Ìyá Ṣọ́ọ̀bù," ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe maggi, pé kí òun sá jáde ni.

Kí ìyá náà fi àpò kan pamọ́ sí ọ̀dọ̀ yín: ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, nọ́ńbà NIN, káàdì ọsibítù, ìwé èsì iléèwé, owó ọkọ̀ díẹ̀, aṣọ ìpààrọ̀. Kí àwọn ọmọ kékeré má mọ̀ nípa àpò náà, torí ẹnu ọmọ kò ní ìlẹ̀kùn. Ẹ má sì fi ipá mú ìyá pé kí ó jáde lónìí-lónìí. Àsìkò tí obìnrin bá ń jáde, àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ni ewu pọ̀ jù, nítorí náà ètò ló yẹ kó ṣáájú.

Kí ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lè ṣe, yàtọ̀ sí àdúrà?

Púpọ̀, torí àwọn ló ń rí ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi àti àfáà ilé kéwú mọ ọmọ tó ti yí padà kí pásítọ̀ àgbà tàbí lémọ́ọ̀mù tó mọ̀. Kí wọ́n yan ẹni méjì tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ wọn ní gbangba. Ní ilé kéwú, kí wọ́n má fi pàṣán na ọmọ tí pàṣán ti ń bẹ nílé rẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni kí wọ́n pe ọmọ jáde síwájú ìjọ pé kí ó dárí ji bàbá rẹ̀. Mo ti rí i. Ọmọ náà wí ohun tí wọ́n ní kó wí, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó tọ̀ sára.

Òfin wo ló wà? Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí a lọ parí ẹ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí "ẹ lọ parí ẹ nílé" ti wá. Ìwé òfin àtijọ́ ti Òkè Ọya, Penal Code, ní abala 55, gba ọkọ láyè láti fi ọwọ́ tọ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà níbi tí àṣà wọn bá ti fọwọ́ sí i, bí kò bá ṣáà ti ṣe é léṣe tó burú. Orí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá àgbà kọ́ iṣẹ́.

Ní Àbújá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òfin VAPP ti ọdún 2015, èyí tó lòdì sí híhu ìwà ipá sí ènìyàn, sọ lílu ọkọ tàbí aya di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn 200,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ̀ṣẹ̀ tún ni kí a lé ẹnìkejì jáde nílé tipátipá, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu fọ́ ọ ní ọkàn, kí a sì pa ìyàwó àti ọmọ tì láìsí ohun jíjẹ. Òfin náà ní ọlọ́pàá tó bá dé ibi ìjà gbọ́dọ̀ ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì bá a wá ọ̀nà dé ọsibítù tàbí ibi ààbò. Bí wọ́n bá lé yín ní tẹ́ṣàn kan, ẹ béèrè tábìlì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, tàbí kí ẹ lọ sí NAPTIP, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Maitama, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá ẹni tí kò lówó wá lọ́yà, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò.

Àṣẹ ààbò wà tí ilé ẹjọ́ gíga Àbújá lè fúnni, tí kò ní jẹ́ kí aṣeniléṣe sún mọ́ ilé. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n lù nìkan ló lè tọrọ rẹ̀: olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà lè bá a tọrọ rẹ̀.

Fún ọmọ fúnra rẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ire ọmọ sì ni kí a kọ́kọ́ wò nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe lórí rẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù ṣàríà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ dẹ́rù bà yín. Ní ìlànà Màlíkì, ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí wọ́n ń lò níbí, ọwọ́ ìyá ni ìtọ́jú ọmọ kọ́kọ́ máa ń wà: ọkùnrin títí tó fi bàlágà, obìnrin títí tó fi rọ́kọ.

Ibi tó ń rú àwọn ènìyàn lójú ni ẹnubodè. Láti Nyanya sí Mararaba, kèké kan péré ni, ṣùgbọ́n Nyanya wà lábẹ́ Àbújá, Mararaba wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Nasarawa, ìjọba ìbílẹ̀ Karu. Ẹni tí wọ́n lù ní Mararaba, ọlọ́pàá àti kóòtù Nasarawa ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀: Kaduna ti ṣe tirẹ̀ lórí ìwà ipá ní 2018, Kwara ní 2020. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ìhà ẹnubodè tí ilé náà wà.

Bí a bá pe wẹ́lífíà, ṣé wọn ò ní kó ọmọ lọ?

Ẹ̀rù yìí ló ń pa ẹnu ọ̀pọ̀ ìyá mọ́. Gbígba ọmọ lọ́wọ́ òbí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bóyá ọmọ lè wà pẹ̀lú òbí tí kì í lù ú, tàbí pẹ̀lú ẹbí. Bí ẹgbẹ́ tàbí aládùúgbò bá bá ìyá lọ, tí wọ́n lè sọ pé, "Àwa yìí wà pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí ọmọ á máa sùn rèé," ọ̀rọ̀ á tètè rọrùn. Bí wọ́n bá fi ipá bá ọmọ lòpọ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Ọ́sibítù ìjọba ní Bwari ní ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀.

Ṣé kí a kúkú fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá àgbà ní Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ìdáhùn tí gbogbo ẹbí Yorùbá máa kọ́kọ́ fún yín nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ó ti ba àwọn míì jẹ́. Ọmọ tí wọ́n dédé gbé sínú ọkọ̀ ní Jabi láago mẹ́fà àárọ̀, tí wọn ò sọ ìdí fún un, á rò pé òun ni wọ́n lé. Á sì máa ro ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́: ta ló ń ṣọ́ ọ báyìí?

Bí ó bá pọn dandan, ẹ sọ ìdí fún un ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó mú ohun kan tó fẹ́ràn dání. Kí ìyá máa pè é ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, kó sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn òun. Kí ẹ sì wádìí ilé tó ń lọ. Àbúrò bàbá tó wà níbẹ̀ lè ní ọwọ́ líle ju bàbá lọ. Bí ẹnìkan bá sì wà ní àdúgbò kan náà tó lè gbà á fún oṣù díẹ̀, tí kò fi ní pààrọ̀ iléèwé, èmi á yan ìyẹn ṣáájú Ọ̀ffà.

Mo gba fídíò ìjà náà. Ṣé kí n gbé e sí WhatsApp kí ayé lè mọ̀?

Ẹ fún ọlọ́pàá tàbí lọ́yà, kí ẹ sì pa á rẹ́ kúrò lójú ayé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kò fẹ́ kí a tú ojú tàbí orúkọ ọmọ tó wà nínú ẹjọ́ síta. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ yẹn ń lọ sí iléèwé lọ́la. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní fóònù.

Ẹgbẹ́ wa ní owó díẹ̀ nínú àpò. Báwo ni ká ṣe ná an?

Ẹ san owó iléèwé tààrà sí iléèwé, kó má gba ọwọ́ bàbá tàbí ìyá kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ló ya èmi gan-an lẹ́nu: wákàtí méjì tí ọmọ kò sí nílé, tí àgbàlagbà kan ń wo ìwé rẹ̀, ó ṣe é ní oore ju bàtà tuntun lọ. Ẹ má ka orúkọ ọmọ nínú ìpàdé, ẹ má gbé ìrẹsì fún un níwájú kámẹ́rà. Ẹni méjì péré nínú ẹgbẹ́ tiwa ló mọ àwọn ọmọ tí a ń san owó fún. Akápò máa ń kùn. Kó máa kùn.

Ọmọkùnrin náà ti ń lu àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀. Ṣé bàbá rẹ̀ ló máa jọ lọ nìyẹn?

Kò pọn dandan. Ó ń ṣe ohun tó rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà nínú ilé oníjà kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí láyé wọn. Ohun tó sábà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àgbàlagbà kan wà, kódà ẹyọ kan, tó dúró tì wọ́n fún ọdún pípẹ́: ìyá ọ̀rẹ́, tíṣà, bàbá tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ẹ dá a dúró bí ó bá ń lu ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe sọ fún un pé, "O jọ bàbá ẹ." Ó ti ń bẹ̀rù ìyẹn tẹ́lẹ̀. Kí ọkùnrin kan tó ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ máa mú un dání, kí ó máa rí bí wọ́n ṣe ń bínú láìlu ènìyàn.

Bí ọmọ bá wá ṣìwà hù lọ́dọ̀ mi, ṣé n kò gbọ́dọ̀ nà án?

Ẹ má nà án. Mo mọ̀ pé a ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ yìí ti rí ọwọ́ òsì púpọ̀. Ọ̀tún ló wá wá lọ́dọ̀ yín.

Ìyàwó ló ń lu ọkọ ní ilé tiwa. Ṣé ó kàn yín?

Ó kàn wá, ó kan òfin náà, kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ohun kan náà ni ọmọ ń gbọ́ láti inú yàrá.

Wọ́n ti parí ìjà, bàbá ti ní òun yí padà, ọmọ ti padà sílé. Kí ni ó kù fún wa?

Ọmọ náà ò ní gbàgbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Á máa sùn pẹ̀lú ojú kan, á máa gbọ́ bí bàbá ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́tò láti mọ irú alẹ́ tí alẹ́ máa jẹ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá a dúró nítorí pé ilé ti dákẹ́: bí ó bá jẹ́ Sátidé ló máa ń wá, kó máa wá ní Sátidé.

Ọmọbìnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti wà ní JSS 2 báyìí. Ó ṣì ń wá. Kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ó ń bá mi bó ẹ̀gúsí, a ń wo fíìmù, á sùn lọ lórí àga. Ní oṣù tó kọjá, ó bi mí bóyá òun lè fi bàtà òun kan sílẹ̀ nílé mi. Mo ní kó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ tèmi.